Ìrẹsì Tí A Ṣà Lẹ́ẹ̀mẹta

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ọmọdé tó dùn létí ni mo fẹ́ sọ. Àbúrò mi a máa ní, “Sister mi, è passato, ẹ jẹ́ kó lọ.” Kò sí níbẹ̀ ló ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún náà, Moncalieri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Torino ní Italy, la sì ń gbé, ní àjà kẹrin ilé kan tí òórùn ọbẹ̀ gbogbo ayálégbé ti ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Yàrá méjì péré ni, àwa márùn-ún: Bàámi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, Màámi, èmi, àbúrò mi, àti Àǹtí Wúrà, ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin, tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Ariwo àdúrà ló ń jí wa. Àǹtí Wúrà á ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n á máa rọra lu agogo ọwọ́ nítorí ará ìsàlẹ̀ tó ti wá fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì. Bàámi á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi èdè àjèjì gbàdúrà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Màámi tí wọ́n bí sílé Onítẹ̀bọmi á jókòó ti sítóòfù pẹ̀lú ìwé orin, ètè wọn nìkan ni ẹ máa rí tó ń mì. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń pè, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í jà sí i. Bàámi á ní bàtà kò di Ọlọ́run létí. Àǹtí Wúrà á ní Mósè bọ́ tirẹ̀. Màámi á bu ògì sí abọ́, wọ́n á ní, “Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ wá mu ògì, ó ń tutù.”

Badante ni Màámi, arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú nílé. Arúgbó náà ni Signora Ester, opó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Júù, tí ilé wọn wà ní San Salvario ní Torino, níbi tí èèyàn ti lè rí òrùlé rìbìtì sínágọ́gù láti fèrèsé ilé ìdáná. Màmá ni Màámi ń pè wọ́n, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti iléèwé dé, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé mi lọ bá wọn, ilé ìdáná yẹn sì ni iléèwé mi kejì. Ìkòkò ẹran yàtọ̀, ìkòkò wàrà yàtọ̀. Màámi ti so òwú pupa mọ́ etí ti ẹran, kò sì sí ọjọ́ tí kànìnkàn méjèèjì pàdé. Màmá fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ tan iná kí ẹni tí kì í ṣe Júù tó gbé ìkòkò kaná, òfin ilé wọn nìyẹn. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n nígbà òtútù, tó pa apá ọ̀tún wọn, tó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn, Màámi kò sọ pé ta ló máa mọ̀. Lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ Sábáàtì, ni wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn Màmá dé ìdí sítóòfù, wọ́n á di ọwọ́ òsì wọn mú, wọ́n á jọ yí i, iná á sọ bùlà. Mo ti rí Kristẹni tó pọ̀ tí kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún òfin tara wọn.

Kí àìsàn yẹn tó dé, Màmá fẹ́ràn àlàyé. Padova ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì sọ fún mi pé láyé àtijọ́ sínágọ́gù mẹ́ta ló wà ládùúgbò kan ṣoṣo níbẹ̀: ti àwọn Júù ilẹ̀ Italy, ti àwọn tó wá láti Jámánì, ti àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Spéìnì. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń kà, ohùn orin wọn ló yàtọ̀, oúnjẹ wọn náà sì yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn ìjọ kan tún wà ní Milano lóde òní tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń jókòó pọ̀, tí obìnrin pàápàá ń ka ìwé sétí ìjọ, nígbà tó jẹ́ pé òkè ni àwọn ìyá tiwọn jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi wọ́n pé èwo ló wá tọ̀nà. “Quello di mio padre,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ti bàbá wọn ni, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo délé, mo ròyìn fún Àǹtí Wúrà. Wọ́n lanu, wọ́n ní, “Áà! Ṣé àwọn náà ní aláṣọ funfun tiwọn ni?” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ní kí n bá wọn kí Màmá.

Bàbá Màmá ń jẹ ìrẹsì nígbà Àjọ Ìrékọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Fún ọjọ́ mẹ́jọ tí àjọ náà fi ń lọ, búrẹ́dì kò gbọ́dọ̀ wọlé, àkàrà aláìwú nìkan ni, bí a ṣe kà á nínú Ẹ́kísódù. Àwọn Júù tí ìran wọn ti Jámánì àti Pólàńdì wá ka ìrẹsì náà mọ́ ohun èèwọ̀. Ilé bàbá Màmá kò kà á mọ́ ọn, àmọ́ dandan ni kí a ṣà á lẹ́ẹ̀mẹta kí hóró àlìkámà kan má baà fara pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ sọ èyí, ẹ̀rín ló pa Màámi. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìrẹsì ṣíṣà? Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìkirè, tó ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì láti kékeré kí eyín bàbá rẹ̀ má baà kán! Lọ́dọọdún ni wọ́n jọ ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Màmá á ṣa àkọ́kọ́, Màámi á ṣa ìkejì, èmi tí ojú mi mú jù á ṣa ìkẹta. Ohùn ìrẹsì yẹn nígbà tí a bá ń dà á padà sínú abọ́ irin, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ òsì ni Màmá fi ṣà á. Ó gbà wọ́n ní wákàtí méjì gbáko, Màámi kò sì kán wọn lójú.

Ọjọ́ kẹta àjọ náà, Ọjọ́bọ̀ ni, ọmọ Màmá wá láti Milano. Ingegnere, ìyẹn ẹnjiníà, ni gbogbo ará ilé ń pè é. Ẹ máa rí i pé mi ò fi ọ̀wọ̀ àgbà pè é bí mo ṣe ń pe àwọn yòókù. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ilé àwọn òbí ìyàwó ni wọ́n ti máa ń ṣe àjọ náà. Nítorí àìsàn Màmá ni obìnrin náà fi kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà Ìrékọjá, ìran Jámánì sì ni àwọn tirẹ̀. Màámi gbé ìrẹsì tí wọ́n fi omi adìẹ sè wá, èéfín ń rú lára rẹ̀. Obìnrin náà ṣí ìdérí, ó sì fò sókè bí ẹni tó rí ejò. “Riso? A Pesach? Ìrẹsì, nígbà Ìrékọjá? Kí ni obìnrin yìí ṣe?” Ọkọ rẹ̀ ló ń bi, kò bi Màámi. Ó ní odidi arúgbó tí kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń fi ohun èèwọ̀ bọ́ ọ. Ó ní àwọn èèyàn yìí, bó o kọ́ wọn títí, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa ṣe. Màmá ń fi ọwọ́ òsì lu tábìlì gbàgbàgbà, ohùn kan ń jáde lẹ́nu wọn tí kò lè di ọ̀rọ̀. “Ẹ wo bí inú ṣe ń bí wọn sí ìwà tí obìnrin yìí hù,” ni obìnrin náà wí, ó gbé ìkòkò, ó sì da ìrẹsì tí ọwọ́ mẹ́ta ṣà sínú àpò ìdọ̀tí.

Màámi kúnlẹ̀. Lórí ilẹ̀ tútù yẹn ni wọ́n fi orúnkún wọn méjèèjì lé, wọ́n ń ní, “Scusi, signora. Scusi tanto. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní èdè wa mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ yẹn ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kúnlẹ̀ kò tíì ní òun jẹ̀bi. Ó ń ní kí inú yín kọ́kọ́ rọ̀, kí ẹ jókòó, kí a wá sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni. Ní tábìlì yẹn, òpin ẹjọ́ ni wọ́n kà á sí. “Vedi? Ṣé o rí i? Ó ti jẹ́wọ́,” ni ìyàwó Ingegnere wí, ó mú fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní sínágọ́gù, ó ní kí wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní arúgbó nílé pé kí wọ́n má gba obìnrin ará Nàìjíríà yìí láé. Ó ní kí Màámi kó ẹrù wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, Ingegnere ń wo àkàrà aláìwú iwájú rẹ̀, ó ń fi ìka kán etí àkàrà náà díẹ̀díẹ̀. Èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Mo gbọ́ èdè wọn dáadáa, olùkọ́ mi máa ń yìn mí nítorí rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣa ìrẹsì yẹn kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Bàámi ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, mo sì pa ẹnu mi mọ́ bí ọmọ rere.

Kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ kan lọ, òmíràn á dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Oṣù kan péré ló kù kí permesso Màámi, ìwé àṣẹ ìgbé wọn, parí, ìwé iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ Màmá sì ni questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fún ni níwèé náà, fẹ́ rí. Bí wọ́n bá lé wọn, tí orúkọ wọn sì ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó lè gbà wọ́n, ta ni yóò kọ òmíràn fún wọn láàárín oṣù kan? Bàámi gbọ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò bọ́ bàtà iṣẹ́. Àǹtí Wúrà kò jókòó ní tiwọn. “O kúnlẹ̀ fún un? Ìyàwó mi, ìkúnlẹ̀ abiyamọ lo fi tọrọ àforíjì ìrẹsì?” Màámi ní, “Mo fẹ́ kí inú wọn rọ̀ ni, Àǹtí, kí n tó ṣàlàyé.” “Oyinbo no sabi dat one! Tó o bá ti kúnlẹ̀ fún wọn, ó ti parí nìyẹn!” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ Rẹ́nikẹ́, o wà níbẹ̀. Kí lo sọ?” Mo ní, “Niente, zia. Mi ò sọ nǹkan kan.” Wọ́n ní, “Nílé yìí, ẹnu rẹ kì í dákẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.” Bàámi ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, pé àwọn làwọn kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ abẹ́ aṣọ ìbora, mo ń sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ, ní èdè Italy tó já gaara, sínú ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Àjíǹde ni Sunday tó tẹ̀ lé e. Nínú capannone, gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí a ń lò fún ìsìn, ìyá díákónì kan di mọ́ Màámi, ó ní, “Sister, na deliverance be dis o! Ọlọ́run ti yọ yín lọ́wọ́ àwọn tó kan Jésù mọ́gi.” Mi ò rí ìbínú lójú Màámi bẹ́ẹ̀ rí, wọn ò bínú tó bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó Ingegnere pàápàá. “Arúgbó Padova wo ló kan èèyàn mọ́gi?” ni wọ́n bi í, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká wọn. Títí di òní, mi ò mọ èyí tó burú jù nínú àwọn méjèèjì: ẹni tó rò pé àwọn èèyàn wa kò lè mọ òfin ẹlòmíràn, àti ẹni tiwa tó ní kò yẹ kí a mọ̀ ọ́n rárá. A kò tíì jáde tán nígbà tí fóònù Màámi dún. Ingegnere ni. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀, Màmá kò jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tíì nìkan ni wọ́n ń mu, kí Màámi jọ̀ọ́ wá fún wọn lóúnjẹ. Kò ní kí wọ́n má bínú. Kò dárúkọ ìrẹsì. “Má lọ!” ni Àǹtí Wúrà pariwo láàárín èrò, agogo ọwọ́ wọn sì dún nínú báàgì. “Jẹ́ kó fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ fúnra rẹ̀!” Màámi ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. “Màmá ò ṣẹ̀ mí, Àǹtí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fà mí lọ́wọ́.

A wọlé pẹ̀lú aṣọ ọdún wa lọ́rùn. Ingegnere àti ìyàwó rẹ̀ wà nídìí tábìlì, Màmá wà lórí kẹ̀kẹ́, ojú wọn ti jìn wọnú. Bí mo ṣe ń tẹ orúnkún láti kí gbogbo ilé, Màámi di apá mi mú. “Màmá nìkan,” ni wọ́n wí. Mo kúnlẹ̀ fún Màmá nìkan. Màmá nawọ́ òsì sí kọ́bọ́ọ̀dù òkè, wọ́n nà án títí Màámi fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n gbé aṣọ funfun wá, wọ́n gbé ìrẹsì tó kù wá. Màmá dà á sílẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, hóró kan, hóró kan. Wọ́n ṣà á tán, wọ́n tì í sí Màámi. Màámi ṣà á tán, wọ́n tì í sí mi. “Kí ni wọ́n ń ṣe?” ni obìnrin náà bi ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ aṣọ funfun náà. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi là. Mo sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé a ń ṣà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní Màmá ló kọ́ wa, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá wọn ní Padova nìyẹn, pé wọ́n ń jẹ ìrẹsì nígbà Ìrékọjá kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, pé Màámi kò jẹ̀bi ohunkóhun. Mo ń sunkún, mi ò sì dúró.

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. “È vero? Tu lo sapevi?” Ṣé òótọ́ ni, ṣé o mọ̀ ọ́n? Ingegnere gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan. “Sì,” ló wí, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà èwe òun. Ó ní òun kò fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ nídìí oúnjẹ ni. Mo ti ń ronú sí gbólóhùn yẹn láti ìgbà náà. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀! Màámi wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ń lu tábìlì, ó wá rò pé kò sí ìjà! Ìyàwó rẹ̀ pupa títí dé ọrùn. Ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn Júù kan ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó tún mú fóònù, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọjọ́sí níwájú gbogbo wa, ó ní òun ti parọ́ mọ́ obìnrin kan, kí wọ́n bá òun sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ èyí tó kọ́kọ́ sọ fún. Ó kọjú sí Màámi, ó ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn lọ́la, kí wọ́n dárí ji òun. Màámi wà lórí ìdúró. “Mo ti gbọ́, signora,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ti kẹ̀kẹ́ Màmá lọ sídìí sítóòfù. Wọ́n di ọwọ́ òsì yẹn mú, wọ́n jọ yí i, iná sọ bùlà.

Nínú ìkòkò mìíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe é, Màámi se pòtétò fún ìyàwó Ingegnere, nítorí ilé bàbá tirẹ̀ kì í jẹ ìrẹsì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Pòtétò yẹn bí mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màmá jẹun tán, wọ́n fi ṣíbí ha ìdí abọ́. Ingegnere jẹ àwo méjì. Ó ní ó rán òun létí ìgbà tí òun wà lọ́mọdé.

Màámi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí Màmá fi kú, permesso sì jáde. Padova ni mò ń gbé báyìí, ògbufọ̀ ni mí nílé ìwòsàn kan. Bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí ìyá kan tó jókòó síwájú rẹ̀, mo máa ń dá a dúró, wọ́n sì máa ń ní mo ti le jù. Bí ọdún Ìrékọjá bá ku ọ̀la, mo máa ń tẹ́ aṣọ funfun, mo máa ń ṣa ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta, èmi tí kì í ṣe Júù. Mo ti dárí ji ìyàwó yẹn tipẹ́. Kò mọ̀ nípa ìrẹsì náà nígbà yẹn. Ọkọ rẹ̀ ni mi ò lè dárí jì, síbẹ̀ mi ò lè fẹnu ara mi pè é ní òdájú, nítorí nínú gbogbo ẹni tí kò kúnlẹ̀ tó sì lè sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ tí Màámi kúnlẹ̀, àwa méjì la mọ̀ pé wọn ò jẹ̀bi. Ọ̀kan ń kán àkàrà. Ìkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì.